ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ AJÉ: Kò Sẹ́ni Tó Gbà Wá Síṣẹ́

   Ẹni tó ń ka èyí nínú mọ́tò lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa lọ, yóò ṣọ́ wa bọ̀.

Bí a ti máa ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé mímọ́ tí a kà ní Mísà àná la tún fẹ́ padà sí. Ọjọ́ Olúwa Karùndínlọ́gbọ̀n ni àná, Ọdún A, ní ìgbà tí Fádà ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé. Ẹ wo àwọn ibi tí a kà, kí ẹni tí kò rí àyè wá lè ṣí wọn:

Ìwé kìíní: Aísáyà 55:6-9
Orin Dáfídì 145
Ìwé kejì: Fílípì 1:20-24, 27
Ìhìnrere: Mátíù 20:1-16

Kí a tó wọnú ọ̀rọ̀, nǹkan kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Láti ọdún 1969, lẹ́yìn Àpérò Vatican Kejì, ni Ìjọ wa ti ń ka Bíbélì ní Ọjọ́ Olúwa ní ìyípo ọdún mẹ́ta. Ọdún A, Mátíù la máa ń kà jù. Ọdún B, Máàkù. Ọdún C, Lúùkù. Ìwé kìíní tí ẹ máa ń gbọ́, wọn kì í ṣàdédé mú un. Ní irú ìgbà tí a wà yìí, wọ́n yàn án kó lè bá Ìhìnrere mu ni. Ìwé kejì ló máa ń rin ìrìn tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ka ìwé kìíní tán, tí Fádà wá ka Ìhìnrere, ẹ máa bi ara yín pé, kí ló so méjèèjì pọ̀?

Ti àná, okùn náà ò fara sin. Aísáyà sọ fún wa pé èrò Ọlọ́run kì í ṣe irú èrò tiwa, pé bí a bá gbé ojú sókè ọ̀run tí a wò ó bó ṣe jìnnà sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Rẹ̀ ṣe jìnnà sí tiwa. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí, a sì ti dáhùn pé "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run", a jókòó. Àfi ìgbà tí Jésù wá mú gíga yẹn sọ̀ kalẹ̀ sórí owó iṣẹ́ òòjọ́. Owó iṣẹ́! Ibi tó máa ń ta kálukú wa lára jù.

Ẹ rántí ìtàn náà. Baba kan tó ní ọgbà àjàrà jáde ní ìdájí, ó lọ gba alágbàṣe. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n fẹnu kò sí dẹ́nárì kan fún ọjọ́ kan. Dẹ́nárì kan yẹn ni owó iṣẹ́ òòjọ́ nígbà náà, ohun tí òṣìṣẹ́ yóò fi ra oúnjẹ lọ sílé. Baba náà tún jáde ní aago mẹ́sàn-án, ó tún jáde lọ́sàn-án gangan, ó tún jáde ní aago mẹ́ta. Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó ku wákàtí kan péré kí iṣẹ́ parí, ó tún jáde. Ìyẹn ni Bíbélì ń pè ní wákàtí kọkànlá, torí pé láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ka wákàtí ọ̀sán nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo wákàtí kọkànlá nínú àdúrà, tí ẹ rò pé aago mọ́kànlá òru ni, ẹ má bínú sí mi o. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni.

Ó bá àwọn kan lójú ọjà tí wọ́n ṣì dúró. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi dúró látàárọ̀ láìṣe nǹkan kan. Èsì tí wọ́n fún un ò gùn rárá: kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí ibí yìí, àwọn oníwàásù kan sì máa ń sọ pé ọ̀lẹ làwọn èèyàn yẹn, pé wọ́n sùn pẹ́, pé wọ́n fi àárọ̀ ṣeré. Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí mo jáde níléèwé girama, tí máàkì mi ní JAMB ò tíì tó, mo ṣe lébìrà fún oṣù mélòó kan n'Ìbàdàn. Oríta kan wà tí a máa ń kóra jọ sí kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ṣọ́bìrì lọ́wọ́, aṣọ iṣẹ́ nínú ọ̀rá. Tí ọkọ̀ kan bá ti rọra ń dúró báyìí, gbogbo wa á sáré bò ó. Ẹni tó wá gba lébìrà ò ní bi wá léèrè orúkọ. Apá ló ń wò, àyà ló ń wò. "Ìwọ, ìwọ, àti ìwọ yẹn, ẹ wọlé." Ara mi le nígbà yẹn, wọn kì í fi mí sílẹ̀. Mo rò pé torí pé mo mọ iṣẹ́ ni.

Bàbá kan wà láàárín wa tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó máa ń dé fìlà bò ó mọ́lẹ̀ dé etí. Tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, á nàró ṣánṣán, á gbé àyà síwájú. Wọ́n á wò ó, ojú wọn á fò ó kọjá. Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ tiwa tètè parí, mo gba oríta yẹn kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo bá a tó ṣì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan, ṣọ́bìrì rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tíì lọ sílé?" Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni kí n lọ sọ fún wọn nílé?"

Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Owó tèmi ti wà lápò.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sínú ọgbà àjàrà. Ẹni tí wọ́n gbà ní ìdájí, òógùn bò ó, oòrùn pa á, ẹ̀yìn dùn ún. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìdájí yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ó mọ̀ pé owó oúnjẹ alẹ́ ti délẹ̀. Ó lè máa kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni aago márùn-ún ńkọ́? Oòrùn kan náà ló pa òun náà lójú ọjà, kò sì sí ìlérí kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ń ro ohun tí yóò lọ sọ nílé. Mi ò mọ èwo ló rẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, mo mọ èyí tí n ó mú, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá àti ọmọ ẹni tó ṣe wákàtí kan, ebi kan náà ló ń pa wọ́n. Tí baba ọlọ́gbà bá ní kí òun ṣírò wákàtí ni, ìdá kan nínú ìdá méjìlá owó òòjọ́ ni ẹni ìkẹyìn yóò gbé lọ sílé. Kò ní ṣèrú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mú un lọ kóòtù. Àwọn ọmọ yẹn á kàn sùn lébi ni.

(Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ o. Baba ọlọ́gbà yìí san owó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bí Òfin Mósè ṣe là á sílẹ̀ nínú Deutarónómì 24:14-15. Kò ní kí wọ́n padà wá ní ìparí oṣù. Pópù Leo Kẹtàlá náà kọ ọ́ lọ́dún 1891, nínú lẹ́tà rẹ̀ tó ń jẹ́ Rerum Novarum, pé owó iṣẹ́ ò gbọdọ̀ kéré ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kódà bí àìní bá mú òṣìṣẹ́ náà gbà pé òun á gba kékeré. Àwa tí a gba Kòmúníọ̀ lánàá, tí a sì jẹ ọmọbìnrin tó ń bá wa tajà ní owó oṣù méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká san án lónìí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.)

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni bí wọ́n ṣe san owó náà. Baba yìí ní kí alábòójútó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó dé kẹ́yìn. Ká ní ọ̀dọ̀ àwọn ará ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀ ni, wọn ò bá ti gba dẹ́nárì wọn, wọn ò bá ti kí i pé ẹ ṣeun, wọn ò bá ti dé ilé kí ẹni ìkẹyìn tó nawọ́. Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ariwo. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó jẹ́ kí wọ́n dúró, kí wọ́n máa wò ó bí ẹni wákàtí kan ṣe ń gba odidi owó òòjọ́.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n rò dáadáa. Wọn ò sọ pé owó àwọn kò pé. Ó pé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ó sọ àwọn ará ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyí di ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá èmi fúnra mi.

Kátíkíìsì ni bàbá mi. Ọdún 31 ló fi ṣe é. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń gùn lọ sí àwọn ìjọ abúlé tí Fádà kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Nígbà tó yá, ó ra ọ̀kadà àlòkù kan tó máa ń kú sójú ọ̀nà. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìmù, òun ló ń darí àdúrà ní Ọjọ́ Olúwa tí kò bá sí Mísà, òun ni wọ́n ń wá jí lóru tí ẹnì kan bá ń kú lọ. A ò lówó. Nígbà tó kú, wọ́n ṣe Mísà ìsìnkú fún un ní pàríìṣì wa. Wọ́n fi aṣọ funfun bo pósí rẹ̀, aṣọ tó ń rán wa létí aṣọ funfun ọjọ́ ìrìbọmi. Àbẹ́là ńlá ti Àjíǹde wà níbi orí rẹ̀. Fádà wọ́n omi mímọ́ sí i, ó fi tùràrí yí i ká. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, ẹ wò ó bí Ìjọ ṣe dá ọlá fún bàbá mi.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, bàbá kan kú ládùúgbò wa. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní kékeré, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ilé ọtí ni Mísà tirẹ̀. Òun ló máa ń pe bàbá mi láti ẹ̀gbẹ́ títì, tí bàbá mi bá ń ti ọ̀kadà tó ti kú bọ̀: "Kátíkíìsì! Ṣé Ọlọ́run ti san owó oṣù?" Àwọn tó jókòó tì í á rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọdé tó ń bá bàbá mi ti ọ̀kadà, mo gbọ́. Mi ò gbàgbé.

Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú, ó ní kí wọ́n pe Fádà. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n fòróró yàn án, ó gba Ara Olúwa. Ó kú. Wọ́n wá ṣe Mísà ìsìnkú fún un. Ẹ̀yin ará mi, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni pàríìṣì wa ní. Aṣọ tó bo pósí bàbá mi náà ló bo tirẹ̀. Àbẹ́là kan náà. Àwọn akọrin kan náà. Mo jókòó lẹ́yìn, inú mi ń ru. Àdúrà tí wọ́n ń gbà, mi ò lè ṣe àmín sí i.

Mo délé, mo bá màámi tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Màámi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Nǹkan kan náà ni wọ́n ṣe fún wọn!" Màámi ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gé nínú ti bàbá ẹ ni?"

Mi ò rí èsì. Wọ́n ṣa ẹ̀wà yẹn lọ títí, wọ́n wá tún sọ pé, "Bàbá ẹ máa ń lọ kí ọkùnrin yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà, méje. Tó bá ti abúlé dé ní ọjọ́ Sátidé, á yà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á jọ jókòó. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé inú á bí yín."

Nígbà tí mo wá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run fún dípúlọ́mà mi, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ pé ká má ka Ìhìnrere Ọjọ́ Olúwa láìwo ohun tó wà níwájú rẹ̀ nínú Bíbélì àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìtàn ọgbà àjàrà yìí, ó sì yà mí lẹ́nu. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lánàá ni orí 20, ẹsẹ kìíní. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, sí orí 19, ẹsẹ 27. Pétérù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọdékùnrin olówó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Jésù pẹ̀lú ìbànújẹ́, torí pé kò lè fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀. Pétérù wá ní, àwa ńkọ́ o, tí a ti fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ tẹ̀ lé Ọ, kí ni tiwa?

Ìbéèrè ará ìdájí nìyẹn. Jésù ò bá a wí. Ó ṣèlérí ohun ńlá fún un, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti ìyè àìnípẹ̀kun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìlérí náà gan-an ló sọ ìtàn ọgbà àjàrà. Kì í ṣe àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó wà níta ló ń sọ ọ́ fún. Pétérù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún, àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀. Tí ẹ bá sì ka orí 20 síwájú, ẹ ò ní rìn jìnnà tí ẹ fi máa bá ìyá àwọn ọmọ Sébédè tó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ òun kan jókòó lápá ọ̀tún, kí èkejì jókòó lápá òsì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtàn náà tán o! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá ara mi lẹ́bi jù pé ìtàn yìí ò tètè wọ èmi náà létí.

Baba ọlọ́gbà pe ẹni tó ń kùn náà ní ọ̀rẹ́. Nínú ìwé Mátíù lédè Gíríìkì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ti rí ọ̀nà ìpè yẹn. Àkọ́kọ́ nìyí. Èkejì ni ti ọkùnrin tó wọlé àsè ìgbéyàwó láìwọ aṣọ àsè. Ẹ̀kẹta ni ohun tí Jésù pe Júdásì nínú ọgbà, lóru ọjọ́ tó fi ẹnu kò Ó lẹ́nu. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi pè gbọ́dọ̀ fura. Ohun tó sì bi í ni bóyá ojú rẹ̀ ti di burúkú nítorí pé òun ń ṣoore. Ojú ló dárúkọ, kò dárúkọ apá, kò dárúkọ iṣẹ́. Iṣẹ́ ọkùnrin yẹn dára. Ojú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó ń wo odidi dẹ́nárì lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ń rí i bíi pé wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Bó ṣe rí lára mi níbi ìsìnkú yẹn nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo ti sọ ọdún 31 bàbá mi di gbèsè tí Ọlọ́run jẹ wá. Bàbá mi ò kà á sí gbèsè. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, tó bá ń ti ọ̀kadà bọ̀ láti abúlé, orin ló máa ń kọ. Tí Ọlọ́run bá wá rán an jáde láti lọ pe ẹnì kan wọlé ní aago márùn-ún, ṣé yóò bínú pé wọ́n san owó fún ẹni tó pè? Èmi ni mò ń bínú fún un. Òun ni wọ́n rán.

Ẹ tún wò ó o, àwa gan-an tí a ń pe ara wa ní ọmọ Ìjọ àtayébáyé, ìgbà wo la dé? Ìjọ ti wà ní Àríwá Áfíríkà kí Ẹni Mímọ́ Augustine tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ Algeria ìsinsìnyí, ìyẹn sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Nílẹ̀ tiwa, ọdún 1863 ni Fádà Borghero, míṣọ́nnárì SMA, wá sí Èkó. Ọ̀dọ̀ ta ló bá? Àwọn tó ti Brazil padà dé, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ń gbàdúrà pọ̀ láìní àlùfáà. Ẹni tó ń darí wọn ni ọkùnrin kan tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Fádà. Ọdún 1868 ni àwọn àlùfáà tó wá dúró sí Èkó. Padre Antonio àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló gbé ẹrù ọ̀sán gangan. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń jókòó sí ìlà iwájú lónìí, ẹ̀yìn wọn la wọlé, dẹ́nárì kan náà la sì ń gbà lórí pẹpẹ. Wọn ò bá wa jà.

Ẹnì kan lè sọ pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kúkú gbádùn ayé mi, kí n wá wọlé ní aago márùn-ún. Wọ́n ti bi Augustine ní irú nǹkan yìí nígbà ayé rẹ̀, ó sì dáhùn nínú ìwàásù tó ṣe lórí ìtàn yìí pé, òótọ́ ni Ọlọ́run ṣèlérí owó náà, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé yóò dé wákàtí kọkànlá. Tèmi ni pé kò sí ẹnì kankan nínú ìtàn yẹn tí wọ́n pè tó ní òun á bọ̀ tó bá yá. Àwọn tó dé nírọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó pè wọ́n. Ẹni tó ti gbọ́ ìpè láàárọ̀ tó wá dákẹ́, inú ìtàn mìíràn ló wà. Òun ni Aísáyà ń bá wí nínú ìwé kìíní, pé kó wá Olúwa nígbà tí ó ṣì lè rí I.

Ti ìwé kejì, díẹ̀ ni n ó sọ. Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n nígbà tó ń kọ lẹ́tà yìí sí àwọn ará Fílípì. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ lọ bá Kristi. Síbẹ̀, tó bá ní kí òun dúró sáyé, ohun tó ń rò ni pé iṣẹ́ tó ń so èso ṣì wà nílẹ̀, àti pé àwọn ará nílò òun. Ará ìdájí tí kò béèrè iye owó nìyẹn. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkàwé lánàá, bàbá mi ni mò ń rí, lórí ọ̀kadà yẹn.

Bí ẹ ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, àwọn kan nínú yín máa gba oríta kọjá, níbi tí àwọn tó ní ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ti ń dúró. Bóyá tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ tún máa rí ọ̀kan tàbí méjì tó ṣì jókòó. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mọ ohun tí ẹ lè ṣe. Tí kò bá sì sí, ẹ kí wọn. Kí ẹ sì rántí ẹnì kan tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi máa ń lọ. Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Olúwa, Ìwọ tó ń jáde ní ìdájí, tó tún ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, a dúpẹ́ pé O rí wa lójú ọjà. Wo ojú wa sàn. Ẹni tí a ò fẹ́ kí O ṣoore fún, tí orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́kàn wa báyìí, a dárúkọ rẹ̀ níwájú Rẹ. (Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ dá orúkọ náà.) Fún un ní odidi. Àwọn tó ń wáṣẹ́ lónìí, tí ọkọ̀ ń fò kọjá, rán ẹnì kan sí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn òkú wa tó lógùn-ún nínú ọgbà Rẹ, àti àwọn tó wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì, fún gbogbo wọn ní ìsinmi lọ́dọ̀ Rẹ. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.

Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún wa.

 A ó tún pàdé láàárọ̀ ọ̀la, bí Olúwa bá fẹ́.